Ìjà tí Ara Mi Gbé Wọ Inú Ẹ̀dọ̀

Apá bùbá ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé nǹkan kò dára. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń ránṣọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Addo ní Ajah, n kò sì gé apá òsì méjì fún bùbá kan rí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ọdún 1984, mo tẹ́ aṣọ oníbàárà mi kan tí ó ń gbé ní Awoyaya sórí tábìlì, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo sì gé e. Nígbà tí mo gbé apá méjèèjì sókè, apá òsì ni méjèèjì. Mo jókòó. Àṣìṣe náà kọ́ ni ó bà mí lẹ́rù. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù ni pé n kò rí agbára tí mo lè fi bínú sí i.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó ti ń rẹ̀ mí kí ọjọ́ yẹn tó dé. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò sàn. Mo ń bá a sùn, mo ń bá a jí. Àwọn aládùúgbò wa máa ń yan ẹja lẹ́yìn ilé. Mo ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé ọkọ, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn òórùn náà ń lé mi wọ yàrá, inú mi sì ń rú bí ti aboyún. Ìtọ̀ mi dúdú bí tíì tí wọn kò da mílíìkì sí. Ìgbẹ́ mi funfun bí amọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé kò yẹ kí obìnrin kọ irú nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti kọ ọ́ fún mi kà tẹ́lẹ̀ ni, n kì bá tí fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣòfò.

Ràṣídátù ọmọ mi ni ó rí ojú mi. Òun ni àkọ́bí wa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ọkọ rẹ̀ dé pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ, kí ó lè bímọ lọ́wọ́ mi bí àṣà wa. Ó gbé oúnjẹ wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì dúró.

“Màámi, ẹ yíjú síta ná.”

“Kí ló dé?”

“Ẹ ṣáà yíjú síta.” Ó sún mọ́ mi títí oyún rẹ̀ fi kan tábìlì. “Ojú yín pọ́n bí inú ìbẹ́pẹ.”

“Eruku aṣọ ni.”

“Eruku wo ló ń pa ojú láró, Màámi?”

Bàbá Ràṣí, ọkọ mi, tí ó ń ṣe káfíńtà ní ìsọ̀ kejì sí tèmi, fi ayùn sílẹ̀, ó wá wò mí. Aláwàdà ni. “Ìyá Ràṣí, ojú náà lo tún wá rán aṣọ tuntun fún?” Ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ ọ́, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò léraléra, kò sì rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà yẹn ni ìbéèrè kan ti jókòó sí mi lọ́kàn. Kì í ṣe bóyá n óò kú. Bóyá ohun yòówù tí ó wà lára mi yóò dé ara ọmọ tí ó wà nínú Ràṣí ni. Èmi ni mo fẹ́ gba ọmọ náà mọ́ra, èmi ni mo fẹ́ wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo fẹ́ pọ̀n ọ́n. Mo pinnu pé n óò mọ ìdáhùn ní àmọ̀dájú, kì í ṣe ní àgbọ́sọ, kí ọmọ náà tó dé.

Ìpinnu yẹn kò ní kí n má ṣe àṣìṣe. Àwọn ará àdúgbò pe àìsàn náà ní ibà pọ́njúpọ́ntọ̀, nítorí pé ó ń pọ́n ojú, ó sì ń pọ́n ìtọ̀. Orúkọ náà tọ̀nà, ohun tí ojú rí ni ó sọ. Ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí àìsàn náà ti ń bọ̀. Mo mu àgbo tí wọ́n fi omidùn ṣe, ago mẹ́ta lóòjọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Ní ọjọ́ karùn-ún mo ń bi omi aláwọ̀ ewé, ìrora tí ó wà lábẹ́ ìhà ọ̀tún mi sì ti di ohun tí mo lè fi ìka kan tọ́ka sí. Nígbà náà ni Bàbá Ràṣí wí pé, “Ó tó. Èkó yá.”

Ilé ìwòsàn ìjọba kan ni a lọ. A wọ bọ́ọ̀sì láti Ajah dé Ọbáléndé, a sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù, mo ń dúró sinmi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ǹṣì gígùn mẹ́fà ni ó wà ní ibi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró. Bí ẹni iwájú bá ti wọlé, gbogbo wa á sún, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé kí ènìyàn tó dé ẹnu ọ̀nà dókítà, ó ti fi ìdí nu bẹ́ǹṣì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ara ń yún mi. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó burú jù. Mo mú ìyàrun eléyín ńlá dání nínú báàgì, mo ń fi họ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ọkùnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ikùn rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ sì pọ́n ju tèmi lọ. Ó wo ìyàrun náà títí, ó ní, “Ìyá, tí ẹ bá ṣe tán, ẹ bá mi yá a.” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, n kò rí i. N kò béèrè.

Dókítà obìnrin kan tí ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ni ó ń tọ́jú mi. Ó tẹ ikùn mi, ó fa ẹ̀jẹ̀ lápá mi, ó sì ní kí n lọ dúró de èsì. Lọ́jọ́ tí èsì dé, ó ní kí n jókòó dáadáa.

“Mẹ́dọ̀wú ni, Ìyá. Èyí tí wọ́n fi lẹ́tà B sàmì sí. Ó sì dà bí ẹni pé ó ti pẹ́ lára yín.”

“Ó ti pẹ́ tó báwo?”

“Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti ìgbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọ ọwọ́.”

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí nígbà náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún un sọ. Ohun tí ó ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ yẹn àti láwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e ni mo kọ sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ, nítorí n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan jábọ́. Òun náà ni mo ń kọ síbí.

Abẹ́ ìhà ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà. Òun ni ó ń ṣe àyẹ̀wò ohun tí a bá jẹ àti ohun tí a bá mu kí ó tó tàn ká ara. Òun náà ni ó ń ṣe òróòro, omi kíkorò tí ó ń sàn lọ sínú ìfun. Bí ẹ̀dọ̀ bá wú, òróòro kò ní rí ọ̀nà gbà dáadáa, yóò dà padà sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ni ó ń pọ́n ojú, òun ni ó ń sọ ìtọ̀ di dúdú, òun ni ó ń mú ara yún. Àìdé rẹ̀ sínú ìfun ni ó sì ń sọ ìgbẹ́ di funfun. Mẹ́dọ̀wú kò ju ohun tí orúkọ rẹ̀ sọ lọ: ohun tí ó mú ẹ̀dọ̀ wú.

Ohun tí ó mú tèmi wú ni kòkòrò kan tí ó kéré gan-an. Ẹ̀rọ tí olùkọ́ wa fi ń fi ohun kékeré hàn wá nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì kò lè rí i. Fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni ó ń gbé, bí ènìyàn ti ń gbé inú yàrá, nítorí pé yàrá kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni a fi kọ́ gbogbo ara wa. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé e láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn: nípa abẹ́rẹ́, nípa abẹ, nípa ìbálòpọ̀, àti láti ara ìyá sí ara ọmọ lọ́jọ́ ìbí. Kì í gba inú àwo oúnjẹ. Kì í gba inú ọwọ́ tí a fi wẹ ọmọ. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn.

Ibi tí ó yà mí lẹ́nu jù ni èyí. Mo ti rò pé kòkòrò náà ni ó ń jẹ ẹ̀dọ̀ mi. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Kòkòrò náà fúnra rẹ̀ lè gbé inú ẹ̀dọ̀ fún ogójì ọdún láìfọ́ àwo kan. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara wa ni ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Inú ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn ni àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí wà, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá àjèjì mọ̀ kí wọ́n sì lé e. Àwọn kan nínú wọn ń rọ ohun ìjà tí ó ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò tí ó wà níta nínú ẹ̀jẹ̀, kí ó má lè wọ yàrá kankan. Àwọn mìíràn ń lọ láti yàrá dé yàrá. Bí wọ́n bá bá kòkòrò nínú ọ̀kan, wọn kì í sábà lè fà á jáde. Wọ́n á wó yàrá náà mọ́ ọn lórí. Bí yàrá tí wọ́n wó bá pọ̀, ojú á pọ́n.

Bí kòkòrò yìí bá wọ ara àgbàlagbà, àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ ti gbọ́n. Wọ́n á dá a mọ̀, wọ́n á jà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, onítọ̀hún á ṣàìsàn, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á sì lé e tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ìkókó kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ ilé àti àlejò. Wọ́n á bá a dàgbà, wọ́n á kà á mọ́ ará ilé. Ọmọ náà kò ní ṣàìsàn, ojú rẹ̀ kò ní pọ́n, ìyá rẹ̀ yóò sì máa dúpẹ́. Kòkòrò náà yóò máa bí sí i láìpariwo. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nítorí ìdí kan tí dókítà náà ní òun kò lè sọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ lè jí, kí wọ́n wo ojú ẹni tí wọ́n ń bá gbé, kí wọ́n sì béèrè pé, ta nìyí? Ìjà yẹn ni ó dé bá mi.

Ó yé mi ní ọ̀nà tèmi. Bí aránṣọ bá rán ojú aṣọ kan gbòdì, yóò tú u, yóò sì tún un rán. Aṣọ á gbà á. Bí ó bá tún un tú, á ṣì gbà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń tú ojú kan náà tí ó sì ń rán an ní gbogbo ìgbà, aṣọ á ya, kò ní lè di òwú mú mọ́. Ẹ̀dọ̀ lè hù padà. Kò sí ẹran ara mìíràn nínú wa tí ó mọ̀ ọ́n ṣe tó o. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá pẹ́ jù, ibi tí ó bàjẹ́ á di àpá líle, ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà gbà kọjá, omi á sì kún ikùn. Mo rántí ọkùnrin tí ó fẹ́ yá ìyàrun.

Mo béèrè oògùn. Ó ní òun kò ní oògùn tí ó lè pa kòkòrò náà. Ó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kan ti wà ní òkè òkun fún ẹni tí kò tíì kó o, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí n sinmi, kí n máa jẹun díẹ̀díẹ̀, kí n má fẹnu kan ọtí, kí n fi àgbo sílẹ̀, kí n má sì lo oògùn tí òun kò mọ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ tí ó wà nínú ìjà kò yẹ kí a tún gbé iṣẹ́ lé lórí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà yóò tún ẹ̀jẹ̀ mi wò. Bí kòkòrò náà bá ṣì wà nígbà náà, a ó mọ̀ dájú pé àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni.

Mo sọ fún un pé ọmọ mi lóyún. Ó gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ mú un wá lọ́la,” ni ó wí.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni a fi dúró de èsì Ràṣí. Mo kà wọ́n. Bí kòkòrò náà bá wà lára rẹ̀, ó lè jẹ́ èmi ni mo fi fún un lọ́jọ́ tí mo bí i, òun náà sì lè fi fún ọmọ rẹ̀.  Ràṣí ń rán fìlà kéékèèké fún ọmọ tí ń bọ̀, èmi sì ń jókòó tì í, mo ń tú èyí tí kò bá gún.

“Màámi, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ tú eléyìí.”

“Kò gún ni.”

“Ó gún. Ọwọ́ yín ló ń wá iṣẹ́.”

Òótọ́ ni ó sọ.

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ó tó ka èsì náà, n kò sì tíì rí i kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí kòkòrò lára Ràṣí. Ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ohun ìjà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń rọ. Àmì ni pé kòkòrò náà ti wọlé rí, lọ́jọ́ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀, àti pé àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ dá a mọ̀, wọ́n sì lé e jáde. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibà ìgbà èwe rẹ̀, èyí tí a rò pé ibà lásán ni. Ìyá àti ọmọ, kòkòrò kan náà. Ara tèmi gbà á sílé, ara tirẹ̀ tì í síta. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ lágbára ju tèmi lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mo kéré ju bí ó ti wà lọ nígbà tí àlejò náà dé.

A óò bí ọmọ náà láìní àrùn yìí lára. Ṣùgbọ́n dókítà fi kún un pé ìkókó ni yóò jẹ́, irú ara tí kòkòrò náà ti ń rí àyè gbé jù. Kí a má jẹ́ kí abẹ tàbí abẹ́rẹ́ tí ó ti kan ẹlòmíràn kàn án. Mo rò pé èyí kò ní ṣòro. N kò tíì rántí Ìyá Badore.

Ọmọbìnrin ni Ràṣí bí, ní ilé ìgbẹ̀bí, láìsí wàhálà. Ní ọjọ́ kẹfà, Ìyá Badore dé. Òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi. Badore ni ó ń gbé, létí ọ̀sà, orúkọ ibẹ̀ ni gbogbo wa sì fi ń pè é. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí àìsàn bá wọ agbo ilé ọkọ mi, òun ni ó máa ń sín gbogbo ilé ní gbẹ́rẹ́ kí ó má bàa ràn. Wọn á jókòó yí i ká. Ẹni tí àìsàn náà ń ṣe ni yóò kọ́kọ́ na ọwọ́, kí oògùn lè bá àìsàn náà ní ibùdó rẹ̀. Lẹ́yìn náà abẹ á máa lọ láti ara àgbà dé ara èwe, títí yóò fi kan ẹni tí a bí gbẹ̀yìn. Ìyá Badore á wá da lẹ́búlẹ́bú dúdú láti inú àdó sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ kí ó fi ra ojú gbẹ́rẹ́ rẹ̀. Abẹ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò. Kì í ṣe pé abẹ wọ́n wọn. Wọ́n gbà pé ẹ̀jẹ̀ kan ni gbogbo ilé, àti pé ẹni tí ó bá mú abẹ ọ̀tọ̀ ti ya ara rẹ̀ kúrò nínú ẹbí, oògùn kò sì ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń kà á mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo jókòó sórí ẹní lọ́jọ́ náà, mo ń wo abẹ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì rí i pé bí ẹnìkan bá jókòó láti wá ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ mi yóò fi dé ara ọmọ ọjọ́ mẹ́fà, kò lè rí èyí tí ó yá ju ìyẹn lọ.

“Ìyàwó, na ọwọ́,” ni Ìyá Badore wí.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí díẹ̀.”

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Aránṣọ kì í wà láìní abẹ. Òun ni a fi ń tú ojú aṣọ. Mọ́kànlá ni àwa tí a jókòó, pẹ̀lú ọmọ. Mo mú abẹ tuntun mẹ́wàá, mo wé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú bébà, mo sì fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sí i. Nígbà tí mo padà, mo kúnlẹ̀, mo tò wọ́n síwájú rẹ̀.

“Kí nìyí?”

“Abẹ ni, Màmá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.”

Sulé àbúrò ọkọ mi, tí ó ń wakọ̀, rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó wa fẹ́ gba iṣẹ́ onígbàjámọ̀.”

“Dákẹ́ ẹnu ẹ,” ni Ìyá Badore wí fún un. Ó yíjú sí mi. “A ti wá di ẹni tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ilé yìí? Láti ọjọ́ tí mo ti ń sín wọn, ta ni gbẹ́rẹ́ mi pa?”

Bàbá Ràṣí wolẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń dúró de ohun tí n óò sọ. N kì í ṣe ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ láàárín àwọn àna mi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì gbọ́ kí n sọ ju gbólóhùn méjì lọ lẹ́ẹ̀kan rí.

“Màmá, inú ẹ̀jẹ̀ mi ni àìsàn yìí wà. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i. Bí abẹ bá kúrò lára mi tó kan Sulé, àgbà ni Sulé, ara rẹ̀ lè jà kó lé e. Bó bá kan ọmọ yìí, ara rẹ̀ kò ní mọ̀ pé àlejò ni. Yóò máa bá a gbé. Nígbà tó bá di ìyá ọlọ́mọ, ojú rẹ̀ á pọ́n bí tèmi yìí, tàbí kó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ó sọ ọ́, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Ẹbí tí kò bá pín abẹ, kí ló wá pín?”

“Inú àdó kan náà ni oògùn ti ń jáde, Màmá. Ẹ̀yin kan náà lẹ̀ ń dà á sí wa lọ́wọ́. Irin nìkan ni mo ní kó yàtọ̀.”

Ó mú ọ̀kan nínú àwọn bébà náà, ó ń yí i po láàárín ìka. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Ìwọ yìí, ta ló fi sí ọ lára? Ṣé ọwọ́ mi ni?”

“Rárá, Màmá. Láti ìkókó ni. Kí n tó mọ ilé yín.”

“Bàbá ọkọ ẹ ńkọ́?”

Àbúrò rẹ̀ ni bàbá ọkọ mi yìí. Ikùn rẹ̀ wú kí ó tó kú, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

“N kò mọ̀, Màmá.”

Òótọ́ ni mo sọ. N kò mọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ mọ́. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀, òun náà sì fi í sílẹ̀.

Ó na ọwọ́ sí Ràṣí. “Gbé ọmọ wá. Òun ni n óò kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni tó jáde. Abẹ tirẹ̀ dà?”

“N kò mú tirẹ̀ wá, Màmá.”

Ó wò mí. Mo rò pé yóò dìde. Ó da lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ sí ọwọ́ ara rẹ̀, ó fi ìka kan ra á sí àyà ọmọ náà láìsín in, ó sì bo àyà náà padà. “Èyí náà á tó o. Bó bá dàgbà, kó wá béèrè ìyókù. Ìyàwó, ka orúkọ, ojú mi kò ríran.” Mo ń ka orúkọ, kálukú ń tú bébà tirẹ̀, àwọn èwe ṣáájú, àwọn àgbà tẹ̀ lé wọn. Èmi ni a sín gbẹ̀yìn. Abẹ tí a bá lò tán ń bọ́ sínú agolo mílíìkì òfìfo kan.

“Màmá náà ti di dókítà,” ni Sulé wí.

“Ìgbà tó ò ń tọ̀ sórí ẹní, dókítà wo ló wò ọ́ sàn?”

Ẹ̀rín tí gbogbo wa rín ni ó tú ìjókòó náà ká. Ní ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí wọ́n fẹ́ fá irun ọmọ kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Àmínátù, abẹ tuntun ti wà lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ kí n tó dìde láti fún un. Ìyá Badore ni ó mú un wá.

Ara mi kò yá lọ́jọ́ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà mo jẹ ẹ̀kọ kan tán. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ara mi kò yún mi mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá Bàbá Ràṣí gbé dígí síwájú mi, ó ní kí n wo ojú mi, ó ti funfun. Àwọn ọjọ́ wà láàárín wọn tí n kò lè ṣe ju kí n jókòó lọ, tí mo sì ń sunkún nítorí pé mo jókòó. Mo ń rán bùbá kan lọ́jọ́ tí ara bá gbà, lọ́jọ́ tí kò bá gbà mo ń sùn, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dójú tì mí. Bí àìsàn yìí bá bá ẹni tí ó ń ka ìwé yìí, kí ó mọ̀ pé ìsinmi náà iṣẹ́ ni.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ mi wò. Kòkòrò náà ṣì wà. Mo ti ń retí pé kò ní sí, n kò sì ní pa irọ́: ó dùn mí. Ṣùgbọ́n dókítà fi ìlà mìíràn hàn mí lórí bébà náà. Àmì tí ó ń fi hàn pé kòkòrò náà ń bí sí i kíkankíkan ti lọ, ohun ìjà tí ó dojú kọ ọ́ sì ti yọjú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mi kò lè lé e jáde kúrò nílé, ṣùgbọ́n wọ́n ti tì í mọ́ yàrá, ìjà náà sì ti rọlẹ̀. Ó ní ó lè rí bẹ́ẹ̀ títí láé, ó sì lè tún bẹ̀rẹ̀. Kí n máa wá kí òun yẹ̀ mí wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Mo ń lọ. N kò tíì pa ọjọ́ kan jẹ. Bàbá Ràṣí náà ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ ti lé e nígbà kan, bí ti ọmọ rẹ̀. Ó ní káfíńtà kì í gba àlejò tí kò kanlẹ̀kùn.

Nígbà tí Àmínátù pé ọdún kan àti oṣù mẹ́ta, a gbé e lọ. Ó sunkún nígbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì gbá nọ́ọ̀sì náà létí. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n padà sílé, láti ilé ìwòsàn dé ibùdókọ̀ Ọbáléndé, láti ibùdókọ̀ Ajah dé ẹnu ọ̀nà wa, orí rẹ̀ wà lẹ́yìn mi, ó ń làágùn sí mi lára. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà a gbọ́ èsì. Kò sí kòkòrò lára rẹ̀. Ràṣí ní kí n fún òun ní bébà náà kí òun kà á, n kò sì fún un títí mo fi kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìgbà kan wà tí mo bínú sí ara mi, ẹran ara tí mo gbé wọ̀ yìí. Ogójì ọdún ni ó fi gba olè lálejò, ìgbà tí ó sì jí, ilé ara rẹ̀ ni ó ń wó. N kò bínú sí i mọ́. Ó wà lọ́mọ ọwọ́ nígbà tí wọ́n tàn án jẹ. Ìgbà tí ó mọ òtítọ́, ohun tí ó ní lọ́wọ́ ni ó fi jà, èmi ni ó sì ń jà fún. Lówùúrọ̀, bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, mo máa ń fi ọwọ́ sí abẹ́ ìhà ọ̀tún mi fún ìgbà díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tí ó ṣàlàyé fún mi títí ó fi yé mi, àti lọ́wọ́ ìyá arúgbó tí ó gbà láti yí ìṣe rẹ̀ padà níwájú gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi pé ó jà, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó rọra.